Bí mo ṣe gbé Hilux 1996 mi sókè, àti ìyà tí U-bolt fi jẹ mí

Ẹni tó bá ta lift kit, ìyẹn àwọn irin tí wọ́n fi ń gbé ara ọkọ̀ sókè, fún èèyàn, tó mọ̀ pé U-bolt inú rẹ̀ (irin tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà U láti so spring mọ́ ọ̀pá táyà) kò gùn tó, tó sì gbowó, olè ni. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹ̀gẹ́ mi jẹrà nítorí irin mẹ́rin péré, ọkọ̀ mi sì wà lórí igi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní àsìkò tí àwọn tó ń yan gààrí ń wá ẹ̀gẹ́ kiri.

Hilux tí mò ń sọ yìí, 1996 ni wọ́n ṣe é. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì 2.8 ni, 4x4, spring pẹlẹbẹ ló sì wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni mo ń gbé, oko wa wà lọ́nà Adó-Àwáyè. Orí títì kọ́ ni ìyọnu wa wà. Ìgbà téèyàn bá yà sínú oko ni, torí katakata ti gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò gígùn méjì, àárín rẹ̀ sì ga sókè bí ebè. Bí mo bá ti di ẹ̀gẹ́ kún ọkọ̀, spring àtijọ́ á tẹ́, irin roboto tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, differential, á máa ha ilẹ̀ lọ. Ó ti ha títí tí ọ́ìlì fi ń jò níbẹ̀.

Táyà ni mo kọ́kọ́ rà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lift kit ń gbé ara ọkọ̀ sókè ni. Kì í gbé differential kúrò níbi tó wà rárá, torí òun àti táyà jọ wà lórí ọ̀pá kan náà. Táyà tó ga nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ń ta lift kit kì í sọ ọ́ fún èèyàn.

Táyà 205R16 ló bá ọkọ̀ yìí wá, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 740. Ẹni tí mo bá bi léèrè á ní kí n ra 265/70R16 torí pé òun ló wà lára àwọn Hilux tuntun. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n rìímù tó kéré jù tó gba táyà yẹn fẹ̀ tó íǹṣì 7, íǹṣì 6 sì ni tèmi. Ìyẹn ni pé màá tún ra rìímù mẹ́rin. Mo kọ̀, mo ra 235/85R16. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ rìímù àtijọ́ láìjà, gíga rẹ̀ tó 806, differential sì fi bíi mìlímítà 33 gòkè. A/T, táyà gbogbo ọ̀nà, ni mo mú, mi ò mú M/T, táyà ẹrẹ̀, torí yanrìn àti òkúta pọ̀ lọ́nà oko wa ju ẹrẹ̀ lọ. Mo rí i dájú pé wọ́n kọ LT, àmì táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, sára rẹ̀, nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ 120, èyí tó túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kìlógíráàmù 1,400. Inú mi dùn sí táyà yìí títí dòní.

Owó rẹ̀ ló dùn mí. Owó táyà mẹ́rin ju owó tí mo fi ra odidi ọkọ̀ náà lọ́jọ́sí. Michelin ti kúrò ní Port Harcourt láti 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orí omi ni táyà wa ń gbà wá báyìí, dọ́là ló sì ń dá iye lé e. Síbẹ̀, mi ò ra tòkunbọ̀. Ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé, rọ́bà tó sì ti gbó nílùú òyìnbó á ti gan, á ti máa sán lábẹ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 lọ́dún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé táyà wá fún mi ti ha nọ́ńbà yẹn kúrò. Mo ní kó gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọwọ́ oníṣòwò kan ní Èkó ni mo ti ra lift kit íǹṣì méjì: spring mẹ́rin, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, búṣì, U-bolt mẹ́jọ. Iwájú ò fa wàhálà kankan. Ẹ̀yìn ni ogun wà.

Mo ti sọ fún oníṣòwò náà pé ẹrù ni mò ń kó, spring ẹ̀yìn tó fún mi sì nípọn ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n U-bolt tó kó sí i, ti spring fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Mẹkáníìkì mi fi nọ́ọ̀tù sí i, nọ́ọ̀tù jẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì díẹ̀, ó tán síbẹ̀, imú U-bolt ò yọ rárá. Irin yẹn ló so ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ spring. Bí nọ́ọ̀tù bá bọ́ lórí eré, ọ̀pá á yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tòun táyà.

Mo pe oníṣòwò. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín táìtì ẹ̀ dáadáa, á wọlé." Ta ló ń táìtì irin kó gùn sí i? Ó tún ní ká lo ti àtijọ́. Ti àtijọ́ tún kúrú ju tuntun lọ, yàtọ̀ sí pé U-bolt tí wọ́n bá ti táìtì rí ti nà, kì í tún di nǹkan mú bíi tìgbà àkọ́kọ́. Ó wá ní òun á fi èyí tó gùn ránṣẹ́ lọ́la. Ọ̀la dé, ó ní ó ti wà nínú mọ́tò. Mo lọ dúró ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú, dírẹ́bà ní ẹnikẹ́ni ò fún òun ní nǹkan. Nígbà tí ẹrù wá dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpè, U-bolt iwájú ló tún dì wá. Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́.

Àwọn tí mo háyà ti hú ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ lóko ní gbogbo àsìkò yìí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ọlọ́kọ̀ tó bá mi kó díẹ̀ nínú rẹ̀ rí i pé ọ̀ràn ká mi lára, ó gba ìlọ́po méjì. Èyí tó kù jẹrà.

Mẹkáníìkì mi, tí mo fọkàn tán, ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá wẹ́dà, kó fi irin kún un kó lè gùn." Wẹ́dà náà gbé rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń da dẹ́kì jáde, ó ní òun á fi iná tẹ̀ ẹ́, òun á gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí i. Mo ní rárá. Irin dẹ́kì kọ́ ni irin U-bolt, ibi tí wọ́n bá sì jó irin pọ̀ sí ló máa ń já. Àwọn ọmọ tí mò ń gbé lọ sóko ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Inú bí mẹkáníìkì, torí ọkọ̀ mi ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sọ́jà Ararọ̀mí ní Agodi Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo mú U-bolt kúkúrú náà dání, mo sì kọ ìwọ̀n mẹ́ta sínú ìwé: bí irin ṣe nípọn tó, bí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe fẹ̀ tó, àti gígùn ẹsẹ̀ tí spring tuntun ń fẹ́. Ẹ má lọ síbẹ̀ lọ máa pe "U-bolt Hilux" lásán. Oríṣi mélòó ni wọ́n máa kó jáde fún yín, gbogbo rẹ̀ á sì jọra lójú. Bàbá kan wo ìwé mi, ó wo irin náà, ó ní, "Àlàájì, spring yín ti kọjá eléyìí." Ó wọlé, ó mú mẹ́rin jáde, ó fi téèpù wọ̀n wọ́n lójú mi. Owó tí mo san fún un ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń ta kit wọn U-bolt lójú yín bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú spring gan-an tí ẹ fẹ́ lò, kẹ́ ẹ tó sanwó.

Wákàtí díẹ̀ la fi parí ẹ̀yìn nígbà tí mo padà dé. Bóòtù tó wà nínú búṣì, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó táìtì ẹ̀ parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, búṣì á tètè fàya. U-bolt náà, ẹ tún un táìtì lẹ́yìn bíi kìlómítà 500. Míítà eré ń parọ́ báyìí: bó bá ka 100, mò ń sá bíi 109. Ẹ́ńjìnnì sì ń tètè fẹ́ jíà ìsàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí a bá ń gun òkè.

Èyí tí mẹkáníìkì ò rántí, bíréèkì ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ fáàfù tó ń pín agbára bíréèkì. Bí ara ọkọ̀ bá ti ga sí i, fáàfù yẹn á rò pé kò sí ẹrù lẹ́yìn, á sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Mo ní kó tún irin náà tò, a sì wo họ́ọ̀sì bíréèkì nígbà tí táyà ń rọ̀ lórí jáàkì, kó má bàa fà le jù. Ó dára báyìí. Mo ti gba ọ̀nà oko wa kọjá pẹ̀lú ẹrù kíkún, differential ò kan ilẹ̀.

Owó U-bolt tí oníṣòwò Èkó yẹn gbà, kò tíì dá a padà. Mi ò tíì dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀.