Kìlómítà 154, ọkọ kan, àpò gaàrí kan

Nígbà tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé èmi àti ọmọ wọn fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́jọ fẹsẹ̀ rìn nínú igbó àti lórí òkè ní Skọ́tílándì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mọ́tò wa ti bàjẹ́ ni. Màmá ti dé sọ́dọ̀ wa ní Manchester láti Ìbàdàn, àwọn ni yóò dúró ti àwọn ìbejì. "Ẹ ó pọn ẹrù bí ẹni pọn ọmọ, ẹ ó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ó tún náwó sí i?" Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wo èmi náà. "Ó dáa. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí òtútù wọ̀ yín lára."

West Highland Way ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Milngavie létí Glasgow (ẹ má pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ o, "Mọ̀lìgáì" ló ń jẹ́ lẹ́nu wọn), ó sì parí sí Fort William, lẹ́sẹ̀ Ben Nevis tó ga ju gbogbo òkè ilẹ̀ Bìrìtéènì lọ. Kìlómítà 154. Ìparí oṣù Karùn-ún la yàn, torí pé nígbà yẹn oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kù díẹ̀, kantíkantí kò sì tíì pọ̀ tó ti oṣù Keje. Ẹ fi kantíkantí yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹrù ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. A gbé àpò méjèèjì lé òṣùwọ̀n inú bálùwẹ̀: ti ọkọ mi jẹ́ kílò 17, tèmi jẹ́ 13. Àgọ́ ẹlẹ́ni méjì, àpò tí a máa sùn sínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì tí kò ju ìkúùkù lọ, ìkòkò kan, aṣọ òjò, asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi odò: ìwọ̀nyẹn ò ṣeé yọ. Ṣùgbọ́n kí ni jíǹsì mẹ́ta ń wá níbẹ̀? Kí ni ìgò epo pupa ń wá? Bí mo ṣe béèrè báyìí, òun náà fa ìró àǹkàrá méjì jáde nínú àpò tèmi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, òde ta la ń lọ?" Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan. A fi ìbínú dì í padà bó ṣe wà.

Ọjọ́ kìíní, kìlómítà 19, ilẹ̀ tẹ́jú, kò sí wàhálà. Ohun tó wù mí jù lọ́jọ́ náà ni àpótí kan létí ọ̀nà, tí wọ́n kó bisikí àti ohun mímu sí, pẹ̀lú agolo owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. O mú, o sanwó, o kọjá. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá bàbá òun ṣe máa ń sọ pé wọ́n ń pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà oko láyé àtijọ́, tí wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ kí oníbàárà lè mọ iye tó jẹ́. A mu ohun mímu méjì, a ju owó sí agolo, ó ró gbọ̀n-ìn.

Nígbà tí a fi máa dé Drymen níbi tí a sùn, èjìká ti bá wa parí ìjà ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a di kílò mẹ́rin sínú páálí, a fi ránṣẹ́ sílé: jíǹsì méjì, epo pupa, bàtà mi kejì, ìró kan. Ìró kejì ló ṣẹ́ kù, òun la sì fi ṣe aṣọ ìnura, ìbora, ìrọ̀rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi ta ló lò ó jù.

Gaàrí nìkan ni kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn. Oúnjẹ gbígbẹ olówó gọbọi inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń rìn ń jẹ, wọ́n á sì máa jókòó de omi kó hó. Kílò méjì gaàrí Ìjẹ̀bú la gbé, pẹ̀lú mílíìkì oníyẹ̀fun, ẹ̀pà, àti kúlíkúlí tí mo ti rún wẹ́wẹ́ láti ilé. Omi òkè yẹn tutù bíi ti inú fìríìjì. Tí a bá ti sẹ́ ẹ tán, ìṣẹ́jú méjì, ọ̀rọ̀ ọ̀sán ti parí. Ní alẹ́ nìkan la máa ń dáná, Indomie àti ata gígún.

Òkè Conic Hill kò ga ju mítà 361 lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni Loch Lomond ti ṣí sílẹ̀ níwájú wa lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí adágún tó fẹ̀ tó o ní ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ẹ wo àwọn erékùṣù inú rẹ̀ dáadáa: díẹ̀ nínú wọn tò tẹ̀lé òkè tí ẹ dúró lé bí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí okùn kan. Orí ibi tí ilẹ̀ ti là láti ayébáyé ni àwọn yẹn wà, ìlà tó pín apá olókè Skọ́tílándì níyà sí apá pẹ̀tẹ́lẹ̀. A jókòó síbẹ̀ ju wákàtí kan lọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí a pẹ́ dé Rowardennan.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ èyí. Òfin Skọ́tílándì ti ọdún 2003 gba ẹnikẹ́ni láyè láti pàgọ́ sí ilẹ̀ gbalasa, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n létí Loch Lomond lápá ìlà oòrùn, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, àfi tí ẹ bá sùn sí ibùdó tí a ń sanwó fún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti gba tiwa sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé.

Ọjọ́ kẹta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Láti Inversnaid sí Inverarnan, ọ̀nà kì í ṣe ọ̀nà mọ́. Òkúta àti gbòǹgbò igi ni, ẹ ó máa fọwọ́ di nǹkan mú, omi adágún wà nísàlẹ̀ yín lọ́wọ́ òsì. Ọkọ mi ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á ti lọ jìnnà, á wá jókòó dè mí. Bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, á dìde: "Ó yá, ká máa lọ." Òun ti sinmi, èmi ò tíì sinmi. Ìgbà kẹrin tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo sọ àpò kalẹ̀, mo sì sọ ohun tó wà nínú mi. Ewúrẹ́ igbó wà lápá ibẹ̀, a ti ń gbóòórùn òbúkọ láti àárọ̀ láìrí wọn; àfi bí méjì ṣe yọrí lẹ́yìn àpáta, tí wọ́n dúró ń wo tọkọtaya tó ń jà. Bàbá Ìbejì wò wọ́n títí, ó ní, "Àsun ni èyí ì bá jẹ́ o." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ ni èmi ti ń wà níwájú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó máa ṣíwájú, tí ó bá dúró, kí ẹni ẹ̀yìn dúró. Àbá tó wúlò jù tí mo lè fún tọkọtaya kankan nìyẹn. Èkejì: bí gìgísẹ̀ bá ti ń ta yín bí ẹni pé iná kàn án, ẹ bọ́ bàtà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Èmi ní kí a kọ́kọ́ dé ibi tí a ń lọ, ìléròrò tó tó owó ẹyọ ni mo sì gbé dé Fort William.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la rí kantíkantí. Wọn ò tó hóró iyọ̀, wọn ò sì ń kùn bí ẹ̀fọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dá, tí oòrùn sì fara pamọ́, wọ́n á bo ènìyàn bí ìgbà tí wọ́n da eérú síni lórí. Mo ti ra àwọ̀n tí a ń fi bo orí. Ọkọ mi ní òun kì í ṣe ọmọdé, ẹ̀fọn Odò Ọ̀nà ò pa òun. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti gbé abọ́ gaàrí rẹ̀, tó ń yí àgọ́ po, tó ń jẹun lọ tó ń jẹun bọ̀, torí pé wọn kì í lè bà lé ẹni tó ń rìn. Mo jókòó sínú àgọ́, mo ń ka iye ìgbà tó kọjá. Ìgbà 23 ni kí abọ́ tó ṣófo.

Tyndrum la gbà dé Bridge of Orchy, ọ̀nà gbooro, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀. Rannoch Moor ló tẹ̀ lé e: ẹrẹ̀, koríko pupa rúsúrúsú, òkúta, kò sí igi tí ènìyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. Òjò bá wa ní àárín rẹ̀, ó sì ń fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. A kò sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń rántí jù.

Lẹ́yìn Kingshouse, òkè Devil's Staircase ló kàn, ibi tó ga jù ní gbogbo ọ̀nà náà, bíi mítà 548. Àwọn sójà tó la ọ̀nà lé e lórí láyé àtijọ́ ló fi ìyà wọn sọ ọ́ lórúkọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Àtẹ̀gùn Èṣù, ọkọ mi ní kí n má ba Láàlú lórúkọ jẹ́, Èṣù kì í ṣe Sàtánì. A fi àríyànjiyàn yẹn gun òkè náà débi pé a kò mọ ìgbà tí a dé orí rẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ sí Kinlochleven gan-an ló jẹ orúnkún wa.

Kìlómítà 24 ọjọ́ tó kẹ́yìn parí sí iwájú ère ọkùnrin kan ní Fort William, tó jókòó, tó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀. A jókòó tì í, a pe Màmá lórí fídíò. Wọ́n ní, "Ẹ ti rù o!", wọ́n sì yí fóònù sí àwọn ìbejì.

Ohun tí a fi ọjọ́ mẹ́jọ rìn, wákàtí mẹ́rin kò pé tí ọkọ̀ ojú irin fi kó wa padà sí Glasgow. Lẹ́yìn Bridge of Orchy, ojú irin àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sún mọ́ ara wọn. Òjò ń rọ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń bọ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn pátápátá. Ọkọ mi kan fèrèsé pẹ̀lú ìka rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o," ó ní, "ẹ jẹ́ kí ìyàwó ṣíwájú."