Bí mo ṣe gba ìbuwọ́lù fún ètò kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣàgámù

Owó ló lé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Oṣù Kejì 2023, a ra ètò kan tí a fi ń ka ọjà. Dọ́là ni iye rẹ̀, ọdọọdún la ó sì máa san án. A ò kọ ìwé àbá kankan. Alhaja tó ni wá níṣẹ́ kàn ní kí n sanwó ni. Ní Oṣù Kẹfà, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ sí dọ́là. Nígbà tí ọdún yí po, iye náírà tí wọ́n ní ká san lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ó ká mi lára gan-an! A padà sí ìwé onílà.

Mo wá pinnu pé mo máa wá òmíràn tí à ń fi náírà san, pẹ̀lú ìwé tó pé. Gbígba iye lọ́wọ́ olùtajà mẹ́ta ò le. Ọ̀dọ̀ àbúrò Alhaja, tí à ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló ti há. Àwọn méjèèjì ló jọ ni iṣẹ́ náà. Tí Bọ̀ọ̀dá ò bá buwọ́ lù ú, kọ́bọ̀ ò lè jáde.

Ojú ewé mẹ́sàn-án ni mo kọ. Bọ̀ọ̀dá kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn: "Èló là ń pàdánù báyìí tí kò sí?" N ò mọ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe ló kún ìwé mi. Wọ́n dá a padà. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n kọ owó ọdún mẹ́ta, kí n ka dáta àti bátìrì inverter mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé olùtajà méjì ò fi VAT, owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100, kún iye wọn. Mo tún gbéra lọ bá Bọ̀ọ̀dá ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní aṣọ ẹgbẹ́ àwọn fún Ojúde Ọba làwọn ń bá kiri, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ọ̀sẹ̀ méje! Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi nínú mọ́tò.

Mo bá wọ sítọ́ọ̀. Lálaalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo ń ka àpò sìmẹ́ńtì lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku ń wọ̀ mí nímú. Àpò 31 ò sí níbi tí ìwé ní ó wà. Kì í ṣe olè. Ṣọ́ọ̀bù wa ti Ìkẹ́nnẹ́ ló wá kó wọn, wọ́n tà á láwìn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, kò sẹ́ni tó béèrè owó. Ká ní àpò ni mo kọ́kọ́ kà, mi ò bá má kọ ojú ewé mẹ́sàn-án yẹn rárá.

Ojú ewé kan ni mo gbé lọ lẹ́yìn náà: àdánù lápá kan, owó ọdún mẹ́ta lápá kejì. Bọ̀ọ̀dá ní, "Tí dọ́là bá tún fò ńkọ́?" Mo fi ibi tí olùtajà ti kọ ọ́ hàn wọ́n pé iye náírà ò ní yí fún ọdún méjì. Wọ́n buwọ́ lù ú lójú mi, wọ́n ní ká fi ti Ìkẹ́nnẹ́ dán an wò ná. Orí mi wú.

Nínú owó àpò 31 yẹn, a ti gba ti 24. Mo ṣì ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ nítorí méje tó kù.