Bí tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì ṣe lè kọ́ ìṣirò lórí WhatsApp láìjẹ dátà ọmọ tán

Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ tíṣà ní Nàìjíríà gbà lọ, torí pé òun ló ti wà lórí fóònù òbí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ SS3 ọdún yẹn ṣì jókòó ṣe WAEC láti ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ. Láti ìgbà náà, àròyé kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tíṣà: dátà wọ́n, ọmọ kì í dáhùn, iṣẹ́ àmúrelé gbogbo wọn sì jọra bí ìbejì. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọmọ tí kò ní fóònù tirẹ̀ ṣe òdiwọ̀n ẹ̀kọ́ yín, púpọ̀ nínú ìṣòro yìí á fúyẹ́.

Rẹ́jísítà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Síwájú orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó ni fóònù, aago tí fóònù máa ń dé ọwọ́ ọmọ, àti bóyá WhatsApp wà lórí rẹ̀. Bí fóònù bá jẹ́ ti ìyá tó ń tajà, ó lè kọjá aago méje alẹ́ kí ọmọ tó fojú kàn án. Kíláàsì aago mẹ́wàá àárọ̀ ti já irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, àmọ́ ẹ fún wọn di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ kejì láti dá iṣẹ́ padà. Ọmọ tí kò rí fóònù lò rárá, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò.

Zoom dára fún ìpàdé tíṣà. Fún ọmọ 40, a ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀: fídíò wákàtí kan lè jẹ 800MB tàbí jù bẹ́ẹ̀, tọ̀fẹ́ sì máa ń já tó bá pé 40 ìṣẹ́jú. Voice note (ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ tí ẹ sì fi ránṣẹ́) ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í sábà tó 1MB, ọmọ sì lè tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìná dátà mìíràn.

Tí ẹ bá dá gúrúùpù sílẹ̀, ẹ yí i sí kí admin (alábòójútó gúrúùpù) nìkan lè kọ̀wé, kí ìkíni àti sítíkà má bàa bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi tíṣà kejì ṣe admin pẹ̀lú yín. Ẹ rántí pé nọ́ńbà gbogbo ènìyàn ló ń hàn síra wọn nínú gúrúùpù, nítorí náà ẹ gba àṣẹ òbí kọ́kọ́. Òbí tí kò bá fẹ́, broadcast ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé wọ́n rí nọ́ńbà ara wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Tíṣà á rò pé ọmọ ń ṣọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

Àwòrán àti ohùn

Bébà A4 funfun àti máákà dúdú tó láti rọ́pò báírò àti pátákó. Ẹ má kọ ju ìlà mẹ́jọ lọ sójú bébà kan, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ohùn kò ní ìka. Nínú kíláàsì, ẹ lè nàka sí pátákó. Nínú voice note, "ẹ wo ibí yìí" kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ quadratic equation fún SS2 nìyí:

1. x² − 5x + 6 = 0
2. (−2) × (−3) = 6; (−2) + (−3) = −5
3. (x − 2)(x − 3) = 0
4. x − 2 = 0 tàbí x − 3 = 0
5. x = 2 tàbí x = 3

Ohùn tó bá a lọ: "Ẹ wo ìlà kejì. Kí ló dé tí mo fi mú −2 àti −3, tí mi ò mú −1 àti −6? Ẹ dá ohùn mi dúró ná, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ sínú ìwé. Ó yá. Bí a bá sọ −1 àti −6 di púpọ̀, 6 náà ni, ṣùgbọ́n tí a bá rò wọ́n pọ̀, −7 ni wọ́n jẹ́, −5 la sì ń wá."

Láti ya àwòrán náà, ẹ to ìwé sí ọ̀tún àti sí òsì bébà kí wọ́n ga dọ́gba, kí ẹ gbé fóònù dábùú wọn kí kámẹ́rà kọjú sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ ti yà á, ẹ má tan fláàṣì: ńṣe ló máa ń dán yòò láàárín bébà tí ìlà kẹta àti ìkẹrin á sì parẹ́.

Voice note kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀kọ́ kan kò sì gbọ́dọ̀ ju voice note mẹ́ta lọ. Èyí tó bá gùn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ó lè di pé kí ẹ tún un fi ránṣẹ́. Ọmọ náà kò sì ní mọ ibi tí yóò padà sí. Ẹ pa fáànù, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù jìnnà sẹ́nu tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Tíṣà Yorùbá àti ti Oral English ní èrè kan níbí tí a kì í sọ tó. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lè tún ohùn gbọ́ ní kọ̀rọ̀ títí etí rẹ̀ á fi là, láìsí ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Titration inú kẹ́mísírì ní tirẹ̀, ọwọ́ ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá fojú kojú.

Iṣẹ́ tí ọmọ kò lè dà kọ

Bí ìbéèrè bá jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn, ọmọ kan ni yóò ṣe é, àwọn tó kù á yà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi nọ́ńbà rẹ̀ nínú rẹ́jísítà rọ́pò k nínú èyí:

x² − (k + 2)x + 2k = 0

Ọmọ tó jẹ́ nọ́ńbà 17 á kọ x² − 19x + 34 = 0, ìdáhùn rẹ̀ á sì jẹ́ 2 àti 17. Ẹ̀yin ti mọ̀ pé ìdáhùn ẹnikẹ́ni ni 2 àti nọ́ńbà rẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú kan tó láti máàkì ìwé kan. Bí ẹ bá rí −2 àti −17, ìlà kẹrin ni ọmọ náà ti ṣubú: ó dé inú àkámọ́, ó gbàgbé láti yí àmì padà. Nọ́ńbà 2 nìkan ni yóò rí ìdáhùn kan ṣoṣo; ẹ tètè sọ fún un kí ó má rò pé òun ṣì í. Ọmọ tó bá sì fúnra rẹ̀ rídìí ọgbọ́n yìí ti mọ ìṣirò, ẹ yìn ín.

Kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà sókè ojú ìwé kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ má máàkì gbogbo 40 lójúmọ́, á sú yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ka mẹ́wàá dáadáa lójoojúmọ́, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀nì pupa inú WhatsApp yí àṣìṣe ká, kí ẹ sì fi voice note kan ṣàlàyé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ fún gbogbo wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ yẹ rẹ́jísítà wò. Ọmọ tó bá ti pàdánù iṣẹ́ méjì, ẹ pe òbí rẹ̀, ẹ má bá a sọ ọ́ nínú gúrúùpù: "Ẹ kú ọjà o, ma. Tíṣà ìṣirò ọmọ yín ni. A ò rí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ṣé dátà ni, àbí fóònù kì í tètè délé?"