Kí Iyè Àgbà Má Baà Rà: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko

Bí bàbá bá ń bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan, tàbí bí ìyá tó ti ń ta ẹ̀gúsí láti ìgbà èwe kò bá lè ka ṣéńjì mọ́, ohun tí ará ilé máa ń sọ ni pé, "Wọ́n ti ń ṣarán, ọjọ́ ogbó ti dé." Ogbó nìkan kọ́. Àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí iyè rà, tí òyìnbó ń pè ní dementia, ni, ó sì ní àwọn okùnfà kan tí a lè dí lọ́nà láti ìgbà tí èèyàn ṣì wà lẹ́ni 40 ọdún.

Ìbàdàn wà lára ibi tí ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntókun ṣáájú wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí láàárín àwọn àgbà ẹni 65 ọdún sókè ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà ìṣẹ̀lẹ̀ ayé àtijọ́ tí wọ́n rántí ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2001, nínú 1,000 àgbà, bíi 13 tàbí 14 ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, bíi 32 ni.

Ẹ má tíì fi èyí yangàn. Àbájáde mìíràn láti inú ìwádìí kan náà, tó jáde ní 2011, fi hàn pé láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn gan-an, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru tẹ́lẹ̀ ni iyè wọn ń rà jù. Àbùdá àjogúnbá kan, tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó máa ń dá kún ewu àìsàn yìí gidigidi láàárín àwọn òyìnbó, kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára Yorùbá. Nítorí náà, kí "ó wà nínú ẹbí wa" má ṣe dá yín lọ́wọ́ kọ́. Ní 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka okùnfà 14 tó ṣeé tún ṣe, wọ́n sì ṣírò pé bí a bá mú gbogbo wọn kúrò, bíi 45 nínú 100 àìsàn yìí ni a lè dènà tàbí sún síwájú. Èyí tí agbára ilé ká jù nínú wọn ni a kọ síbí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ le, kí wọ́n sì dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́ á máa kú díẹ̀díẹ̀, láìsí rọpárọsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni rí. Kì í dunni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ara rẹ̀ le koko lóko fi lè ti ní in fún ọdún mẹ́wàá.

Láti 40 ọdún, kí olúkúlùkù máa yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Fún ìdajì wákàtí ṣáájú, kí ó má jẹ obì, kí ó má fín áṣáà, kí ó má mu sìgá tàbí kọfí. Kí ó tọ̀ kó tó jókòó. Kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àga, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n ibi tí àyà wà. Awọ ara ni kí wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, kì í ṣe orí apá bùbá. Kí ó má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ sì kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fi aṣọ ẹ̀rọ kékeré wé apá ńlá, nọ́ńbà á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá wọn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, tàbí ẹni tó ń bá nọ́ọ̀sì tàkurọ̀sọ. Bí ó bá dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Bí ó bá dé 180/120, tí orí ń fọ́ni, tí ẹnu ń wọ́, tàbí tí apá kan kò lágbára, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀jẹ̀ bọ̀ sípò, kí wọ́n wá dá oògùn dúró. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á gòkè padà. Ẹ má pín oògùn aládùúgbò lò. Bí ẹ bá ń mu àgbo pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà láìtijú, nítorí àwọn kan máa ń bá oògùn jà.

Iyọ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí kò tó gíráàmù márùn-ún fún àgbàlagbà lójúmọ́. Ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ ni. Fún ilé ẹni mẹ́fà tí gbogbo wọn dàgbà, kò gbọdọ̀ ju ṣíbí mẹ́fà lọ, Magí, búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ sì ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wọn ṣíbí mẹ́ta péré sínú abọ́ láàárọ̀, kí ìyẹn jẹ́ gbogbo iyọ̀ tí ọwọ́ máa bù sọ́bẹ̀ ọjọ́ náà. Irú, àlùbọ́sà, ata àti efinrin á gbé adùn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́ irú wò kẹ́ ẹ tó rà á: àwọn olùtà kan máa ń fi iyọ̀ pa á mọ́.

Etí, ojú, orí

Etí dídi wà lára okùnfà tó ga jù nínú àkọsílẹ̀ Lancet, àwa kì í sì í kà á sí. Àgbà tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ á jókòó sí ìpàdé láìdá sí i. Nígbà tó bá yá, kò ní wá mọ́. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná tàbí kọ́kọ́rọ́ ro etí: ṣe ni wọ́n ń ti ìdọ̀tí wọlé. Bí etí kò bá ṣọyún, tí kò sì lu, ẹ̀kán òróró ólífì méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, á mú un rọ̀. Bí kò bá là, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ gígé igi tàbí ẹ̀rọ ìlọta, kí wọ́n bo etí wọn.

Ojú tó ń ṣe bàìbàì, tí ẹyin rẹ̀ ń funfun, iṣẹ́ abẹ ló ń là á. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti ẹyinjú. Wọ́n ti fọ́ ọ̀pọ̀ ojú. Kí orí má baà fara pa, ẹ dé akoto lórí ọ̀kadà. Ẹni tó bá ń gun ọ̀pẹ, kí ó yẹ igbà rẹ̀ wò kó tó gòkè. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí èèyàn tó jẹun láàárọ̀ bá tó 126 mg/dL, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí wọ́n tún un wọ̀n.

Ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà

Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú máa ń rò pé ìtọ́jú ni kí ìyá jókòó lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ṣe láàárín àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé àìdá sí ẹgbẹ́ jẹ́ ewu fún iyè. Ẹ jẹ́ kó máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kó máa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, kó máa ta ayò, kó sì máa rin ìrìn ìdajì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n

Àyẹ̀wò tí wọ́n lò ní Ìdíkàn ní apá méjì: wọ́n bi àgbà fúnra rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì bi ẹni tó ń bá a gbé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá wé ti ìsinsìnyí: ṣé ó ń ṣìnà lójú ọ̀nà oko tó ti ń rìn látọdún pípẹ́? Ṣé ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́? Ṣé ó ń gbé aṣọ wọ̀ sódì? Kéèyàn wá kọ́kọ́rọ́ kó sì rí i kì í ṣe àrùn. Bí àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń rà bá sì sọ pé òun ló pa lágbájá, ẹ má pè é ní ìjẹ́wọ́ àjẹ́. Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú mọ́ ọn lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ méjì, kì í sábà jẹ́ arán. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, ṣúgà tó wálẹ̀ jù, ìṣubú tó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà jọ sínú orí, tàbí oògùn oorun àti oògùn ọ̀fìnkìn tó ń múni sùn lè fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìwòsàn bí ẹ bá tètè dé. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, àgbo pẹ̀lú, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí, kí ẹni tó ń bá a gbé sì tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn.