Ẹ má tíì gbé ata síta, ẹ̀yin ará Chicago

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa ní Chicago. Oṣù May ti ń parí lọ, òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ti ń yún ọ̀pọ̀ wa láti gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Ooru ọ̀sán kọ́ ni kí ẹ máa wò, òtútù òru ni. Bí òru bá ṣì ń lọ sísàlẹ̀ 50°F, ata àti tòmátì lè má kú lóòótọ́, àmọ́ ojú kan ni wọ́n máa dúró sí, ewé wọn á máa pọ́n. Ilá àti ewédú tún fẹ́ ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó 65°F, kí irúgbìn má baà jẹrà sínú ilẹ̀ tútù.

Tiyín tún yàtọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí adágún Michigan. Omi yẹn ṣì tutù nini lásìkò yìí. Bí atẹ́gùn bá ti orí rẹ̀ fẹ́ wá lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ yín lè tutù gan-an ju Naperville, ìlú tó jìnnà sí adágún náà, lọ.

Èyí tó ti hù nínú ilé, ẹ máa gbé e síta fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, lábẹ́ ìbòji lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì gbé e wọlé lálẹ́. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, oòrùn á ti mọ́ ọn lára.

Súwẹ́tà àwọn ọmọ náà, ẹ ṣì fi sínú báàgì iléèwé wọn.