Bí A Ṣe Ń Yan Ibi Tí A Ó Tọ́jú Àmì Àyẹ̀wò Fáìlì Sí

Ẹni tí ó bá ń gba wàásù àti tàfúsírù oṣù Ramadan sílẹ̀ ní Ìlọrin yóò ti rí i pé fáìlì a máa bàjẹ́ láìfọhùn: orúkọ rẹ̀ kò yí, ìwọ̀n rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ohùn a já láàárín ọ̀rọ̀. Àmì àyẹ̀wò ni a fi ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti inú gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì ni, bí ohun kékeré kan bá sì yí níbẹ̀, kò ní bá ti àtẹ̀yìnwá mu mọ́. Ṣíṣírò rẹ̀ kò le. Ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí ni iṣẹ́ wà.

Kọ́kọ́ fi í sínú ìwé lọ́tọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, wọ inú fódà tí àwọn fáìlì wà, kí o tẹ `sha256sum *.mp3 > ayewo.txt`. Nígbà tí o bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, tẹ `sha256sum -c ayewo.txt`, FAILED yóò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ èyí tí ó bá ti yí. Ìwé yìí ń bá fáìlì dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá yí orúkọ fáìlì padà, kò ní rí i mọ́.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń fi àṣẹ Linux tí ń jẹ́ `setfattr` so àmì mọ́ ara fáìlì gan-an, tí ó fi jẹ́ pé yíyí orúkọ kò lè yà wọ́n. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí a bá da fáìlì náà sórí flash tí ó ń lo FAT32 tàbí exFAT (ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ flash ń gbà to fáìlì) kí ó lè dé Ọ̀fà, àmì náà á já bọ́, nítorí pé irú flash bẹ́ẹ̀ kò ní àyè fún un. Láàárín dísìkì Linux méjì pàápàá, `cp` lásán kì í gbé e, àfi tí a bá fi `--preserve=xattr` kún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí o bá gé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn náà dànù, àmì àtijọ́ lè ṣì wà lára rẹ̀, a kò sì ní mọ̀ bóyá ìwọ ni o tún un ṣe tàbí dísìkì ni ó bà á jẹ́. Ẹni tí yóò bá lò ó, kí ó kọ àkókò tí a ṣe àtúnṣe sí fáìlì gbẹ̀yìn mọ́ ọn: bí ohun inú rẹ̀ bá yí tí àkókò kò yí, kí ó fura sí dísìkì.

Ọ̀nà kẹta ni kí ètò fáìlì, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń to fáìlì sórí dísìkì, máa ṣe é fúnra rẹ̀, bí Btrfs àti ZFS ti ń ṣe. Ext4, ètò fáìlì mìíràn tí ó wọ́pọ̀ lórí Linux, kì í ṣe é fún ohun inú fáìlì. Btrfs ń fi báìtì 4 ṣọ́ báìtì 4,096 kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó tó nǹkan bíi MB 1 fún GB 1. Bí o bá yan SHA-256, irú àmì gígùn tí `sha256sum` ń ṣe, yóò di MB 8, yóò sì fún kọ̀ǹpútà tó ti gbó níṣẹ́ sí i. Bí iná bá lọ lójijì, Btrfs àti ZFS kì í sábà pàdánù ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀, torí pé ibòmíràn ni wọ́n ń kọ tuntun sí kí wọ́n tó fi í rọ́pò àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ kì í ṣe àtúnṣe: bí kò bá sí ẹ̀dà kejì, yóò kàn kọ̀ láti ka ibi tí ó bàjẹ́ fún ọ ni. Àmì náà kì í sì í kọjá dísìkì yẹn.

Nítorí náà, lo Btrfs nílé, kí o sì jẹ́ kí `ayewo.txt` bá flash lọ. Lẹ́yìn tí o bá da fáìlì sí i tán, yọ flash náà dáadáa kí o tún un kì bọ ibẹ̀ kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó ṣì wà nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ni ó lè kà fún ọ, kì í ṣe ti flash.