Kọ̀ǹpútà Linux tí kì í kú bọ̀rọ̀, tí àwòrán rẹ̀ sì ń wọ́: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

O tẹ Shut Down, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n iná ń tàn, fáànù ṣì ń yí. Bí o bá tàn án padà, fídíò ń gé, fèrèsé ń wọ́ nílẹ̀ bí o bá ń gbé e kiri, CPU sì ń gbóná láìsí iṣẹ́ gidi. Nígbà mìíràn, driver káàdì àwòrán kan ṣoṣo, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì náà, ló fa méjèèjì. Nígbà mìíràn, wọn ò bá ara wọn tan rárá. Nítorí náà, má tíì yí nǹkan kan padà. Kọ́kọ́ mọ ibi tó há sí.

Wo ohun tó wà lẹ́yìn òkùnkùn

Tẹ Esc bó ṣe ń kú lọ, àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àwòrán bò yóò yọ síta. Bí kò bá yọ, ṣí fáìlì /etc/default/grub (ti GRUB ni, ètò tó ń gbé Linux dìde bí o bá tan kọ̀ǹpútà), yọ `quiet` àti `splash` kúrò nínú ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, kí o sì ṣe:

`sudo update-grub`

Fedora kò ní àṣẹ yìí. Ti wọn ni:

`sudo grubby --update-kernel=ALL --remove-args="quiet rhgb"`

Pa kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o ka ohun tó kẹ́yìn lójú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ "A stop job is running for…"

Káàdì àwòrán kọ́ nìyí. systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò yòókù tó sì ń pa wọ́n, ló ń dúró de ètò kan tó kọ̀ tí kò fẹ́ parí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ìṣẹ́jú àáyá 90 ló máa dúró kó tó fi tipátipá pa á. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí 1min 30s níbẹ̀. Orúkọ tó tẹ̀ lé "for" ni ẹni tí ò ń wá. Bí o bá ti tan kọ̀ǹpútà padà, ka ìparí àkọsílẹ̀ ìgbà tó kọjá:

`journalctl -b -1 -e`

Bó bá ní òun kò rí irú ìgbà bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ sórí dísíìkì. Ṣe `sudo mkdir -p /var/log/journal`, tún un tàn, kí o jẹ́ kí ìṣòro náà ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fódà orí nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn NFS tàbí CIFS, wà lára àwọn tó máa ń dá èyí sílẹ̀ jù. Wi-Fi tó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà máa ń já ní gbàrà tí ẹni náà bá jáde, nígbà tí fódà náà kò tíì tú. Fi ọwọ́ ara rẹ tú u pẹ̀lú `umount` kí o tó pa kọ̀ǹpútà. Bó bá kú wéré, o ti mú un. Sọ Wi-Fi náà di ti gbogbo ènìyàn tó ń lo kọ̀ǹpútà:

`nmcli connection modify "orúkọ Wi-Fi" connection.permissions ""`

Àwọn kan á ní kí o kàn sọ DefaultTimeoutStopSec di 10s nínú /etc/systemd/system.conf. Mi ò fara mọ́ ọn. Dátábéèsì tó nílò ìṣẹ́jú àáyá 30 láti kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọn á gé lọ́rùn láàárín ọ̀nà. Orí ètò tó jẹ̀bi nìkan ni kí o ti dín in kù: ṣe `sudo systemctl edit orúkọ.service`, kọ `[Service]` sí ìlà kan àti `TimeoutStopSec=15s` sí ìlà tó tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ "Reached target" tàbí "reboot: Power down", tí iná kò sì kú

systemd ti ṣe tirẹ̀ tán. Ó ku kernel (ọkàn Linux), àwọn driver, àti BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó dìde). (Bí o bá rí "watchdog did not stop!" níbẹ̀, fojú fò ó; àwọn kọ̀ǹpútà tó ń kú dáadáa náà máa ń kọ ọ́.)

Kọ́kọ́ ṣe `cat /proc/cmdline`. Bí `acpi=off` bá wà nínú rẹ̀, ẹjọ́ ti parí: ACPI ni kernel ń lò láti pa iná kọ̀ǹpútà. Yọ ọ́ kúrò.

Bí kò bá sí níbẹ̀, dán káàdì àwòrán wò. Nígbà tí o bá tan kọ̀ǹpútà, tẹ `e` lójú GRUB, wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `linux`, kọ `nomodeset` (kí driver àwòrán má ṣiṣẹ́) sí ìparí rẹ̀, kí o tẹ Ctrl+X. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló máa ṣiṣẹ́. Bó bá wọlé, pa á. Bó bá kú dáadáa, driver àwòrán ló jẹ̀bi. Bí kò bá kú, fi káàdì sílẹ̀: yọ gbogbo ohun tó wà lára USB, dán kernel àtijọ́ wò láti inú Advanced options lójú GRUB, lẹ́yìn náà kí o ṣe update BIOS.

Lórí laptop tó ní káàdì méjì, driver nouveau (ti NVIDIA) tàbí amdgpu (ti AMD) lè há níbi tó ti fẹ́ jí káàdì kejì tó ti sùn. Àmì kan tó dájú díẹ̀ ni pé `lspci` pàápàá á dákẹ́, kò ní dáhùn. Fi `nouveau.runpm=0` tàbí `amdgpu.runpm=0` sí ìlà kernel bí a ṣe fi nomodeset sí i. Káàdì náà kò ní sùn mọ́, bátìrì á sì máa tètè tán, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á kú nígbà tí o bá ní kó kú. Bó bá ṣiṣẹ́, kọ ọ́ sínú /etc/default/grub, kí o sì ṣe update-grub bíi ti òkè. Má ṣe fi blacklist dí nouveau lọ́nà (kí ó má wọlé) lórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé káàdì NVIDIA nìkan ló ní, àfi bí driver nvidia bá ti wà níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, CPU ni yóò máa ya gbogbo àwòrán.

Bó bá há tí kò gbọ́ ohunkóhun

Má tíì di bọ́tìnì iná mú. Di Alt àti SysRq mú, bọ́tìnì PrtSc ni lórí ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù, kí o tẹ S, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan U, lẹ́yìn náà O. S ń kọ ohun tó wà nínú mẹ́mórì sí dísíìkì, U ń ti dísíìkì mọ́ kíkọ, O ń pa iná. Lórí Ubuntu, iye tó wà nínú /proc/sys/kernel/sysrq sábà máa ń jẹ́ 176, ó sì gba mẹ́ta yìí láàyè, ṣùgbọ́n kò gba E àti I tí àwọn ìtọ́sọ́nà kan ń dárúkọ. Bí O kò bá ṣiṣẹ́, di bọ́tìnì mú wàyí. S àti U ti gba fáìlì rẹ là.

Àwòrán tó ń wọ́

`lspci -k | grep -EA3 'VGA|3D|Display'`

Wá "Kernel driver in use". i915 tàbí xe ni ti Intel, amdgpu tàbí radeon ni ti AMD, nouveau tàbí nvidia ni ti NVIDIA. Bí ìlà náà kò bá sí, driver kò wọlé. Lẹ́yìn náà, fi mesa-utils sórí rẹ̀ (glx-utils ni lórí Fedora), kí o ṣe:

`glxinfo -B`

Bí "OpenGL renderer string" bá sọ llvmpipe, CPU ló ń ya àwòrán. Má jẹ́ kí "direct rendering: Yes" tàn ọ́ jẹ, llvmpipe náà ń sọ Yes. Lórí laptop oníkáàdì méjì, bó bá dárúkọ Intel, kò bàjẹ́; `DRI_PRIME=1 glxinfo -B` ni wàá fi wo ìkejì bó bá ń lo nouveau tàbí amdgpu.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni nomodeset tí ẹnìkan gbàgbé sínú GRUB nígbà tó ń fi Linux sórí kọ̀ǹpútà. `cat /proc/cmdline` á sọ fún ọ.

Bí kò bá sí níbẹ̀, wo firmware (fáìlì tí káàdì nílò kó tó lè ṣiṣẹ́): `sudo dmesg | grep -i firmware`. "failed with error -2" túmọ̀ sí pé fáìlì kò sí. Lórí Debian, láti ẹ̀dà 12 tó jáde ní 2023, apá non-free-firmware nínú àwọn orísun apt ló wà. `firmware-amd-graphics` ni ti AMD. Lórí Ubuntu, linux-firmware.

NVIDIA ló ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kernel bá yí padà lẹ́yìn update, driver gbọ́dọ̀ bá a mu. Bí dkms (ètò tó ń tún driver kọ́ fún kernel tuntun) ló ń kọ́ ọ, `dkms status` á fi hàn bóyá ó wà fún kernel tó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí:

`sudo apt install linux-headers-$(uname -r)`
`sudo dkms autoinstall`

Bó bá wà síbẹ̀, tí `sudo modprobe nvidia` sì sọ "Key was rejected by service", Secure Boot, tó ń kọ driver tí a kò fọwọ́ sí, ló ń dí i lọ́nà. Lórí Ubuntu:

`sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der`

Yóò ní kí o yan páásíwọọ̀dù kan. Tún kọ̀ǹpútà tàn, ojú-ewé búlúù á yọ. Yan Enroll MOK, kí o tẹ páásíwọọ̀dù náà. Bí o bá jẹ́ kí ojú-ewé yẹn kọjá, wàá tún import ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí gbogbo ètò bá ń sáré tí browser nìkan ń wọ́, ṣí about:support nínú Firefox, wá ìlà Compositing. "WebRender (Software)" ni kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ohun kan ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Kí o tó sọ pé ó ti tán, pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Má ṣe fi reboot dán an wò, nítorí ẹ̀rọ tó ń reboot wẹ́rẹ́ ṣì lè há bí o bá ní kó kú.